Kí Ló Pa Tọ́bò? Àlàyé lórí Àtúnṣe àti Ìpààrọ̀ Tọ́bò Ọkọ̀ Dísù, pẹ̀lú Àpẹẹrẹ láti Mpape, Abuja

Ìfáàrà

Lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù mẹ́rin ni tọ́bò bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa kú. Dísù ni bọ́ọ̀sì náà ń lò. Òun ni a fi ń gbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò, òun náà sì ni àwa alábòójútó wọn ń wọ̀. Nígbà àkọ́kọ́, mẹkáníìkì tí a gbé e lọ bá kò lò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tó fi sọ pé tọ́bò ti lọ, kí a lọ wá òmíràn. A wá a. Tòkunbọ̀ ni a rà. Owó tí a fi rà á jẹ́ owó tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ méjì ti ń retí láti yá fún owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ wọn.

Kò tíì pé oṣù mẹ́rin tí ọkọ̀ náà fi ń gun òkè Mpape lọ ní àárọ̀ ọjọ́ kan, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rìnlá wà nínú rẹ̀. Igbe bíi ti sáírìn ta lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, èéfín dúdú bo àwọn ọlọ́kadà tó wà lẹ́yìn wa, agbára sì tán nínú ọkọ̀. Dẹ́rẹ́bà rọra yà sí ẹ̀bá títì, àwọn ọmọ bọ́ sílẹ̀, wọ́n fi òkúta dí ẹsẹ̀ táyà. Òkúta kò wọ́n ní Mpape.

Nínú iṣẹ́ yìí, a fẹ́ ṣàlàyé bí ènìyàn ṣe lè pinnu bóyá kí òun tún tọ́bò tó ń kú lọ ṣe ni tàbí kí òun pààrọ̀ rẹ̀. Ohun tí a rí kọ́ ni pé ìbéèrè yẹn kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ni pé: kí ló pa á? Àwọn kan lára ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa lè máa wò ó pé kí ló kan olùkọ́ èdè Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ tọ́bò. Owó wa ló kàn án. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ ló ní bọ́ọ̀sì tàbí Hilux tó ń lo dísù, tọ́bò sì wà lára ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ ńlá tí a fi ń tan iná sí gbọ̀ngàn wa. Ẹni tó ń buwọ́ lùwé owó àtúnṣe kì í sábà jẹ́ mẹkáníìkì. Olùkọ́ bíi tiwa ni.

Ewìrì tí èéfín ń fẹ́

Ẹni tó bá ti dé àgbẹ̀dẹ rí mọ ewìrì. Iná tí kò rí atẹ́gùn kò lè mú irin rọ̀. Àfi bí ọmọ iṣẹ́ bá ń fẹ́ ewìrì sí i. Tọ́bò ni ewìrì ẹ́ńjìnnì. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé kò sí ọmọ iṣẹ́ tó jókòó tì í: èéfín tó ń jáde láti inú iná náà gan-an ló ń fẹ́ ewìrì ọ̀hún.

Abẹ̀bẹ̀ kékeré méjì ló wà lórí ọ̀pá irin kan ṣoṣo. Ọ̀kan wà ní ojú ọ̀nà èéfín, èyí tí a ó máa pè ní abẹ̀bẹ̀ èéfín. Bí èéfín gbígbóná bá ti ń sáré jáde, yóò máa yí i. Nítorí pé ọ̀pá kan náà ni wọ́n jọ wà, abẹ̀bẹ̀ kejì, ìyẹn abẹ̀bẹ̀ atẹ́gùn, yóò máa yí pẹ̀lú rẹ̀, yóò máa fa atẹ́gùn gba inú fítà wọlé, yóò sì máa kì í mọ́ inú ẹ́ńjìnnì. Atẹ́gùn púpọ̀ ló ń jẹ́ kí dísù jó tán. Ibẹ̀ ni agbára ti ń wá. Abẹ̀bẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìkarahun irin tó bò ó, tó rí gẹ́lẹ́ bíi ti ìgbín. Àárín ìkarahun méjèèjì ni ọkàn tọ́bò wà, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní kọ́ọ̀: ọ̀pá, abẹ̀bẹ̀ méjèèjì, àti ibi tí ọ̀pá náà ti ń yí. (Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1984 ràn wá lọ́wọ́ púpọ̀ lórí ẹ̀dá èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni, ṣùgbọ́n kò dé abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Àwa la yan àwọn orúkọ wọ̀nyí. Ẹni tó bá ní èyí tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó mú un wá.)

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Alfred Büchi, ẹnjinníà ọmọ orílẹ̀-èdè Switzerland, ló gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní ọdún 1905. Ó di ọdún 1978 kí Mercedes-Benz tó gbé 300 SD jáde, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ dísù àkọ́kọ́ tó ní tọ́bò tí wọ́n ṣe fún títà. Ohun tó mú kó pẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti rí. Ọ̀pá tọ́bò lè yí ju ìgbà 100,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, ti àwọn kéékèèké a sì máa tó 200,000, nígbà tí ẹ́ńjìnnì dísù fúnra rẹ̀ kì í sábà kọjá 4,500. Èéfín tó ń yí i lè gbóná ju 700 lọ lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì. Kò sí irin tó lè yí báyẹn kó máa ha irin mìíràn lára kó má yọ́. Orí ọ́ìlì ni ọ̀pá náà ti ń léfòó. Ọ́ìlì tí ẹ́ńjìnnì ń tì wá láti inú páìpù tín-ín-rín kan ló ń gbé e dúró, òun kan náà ló sì ń gbé ooru kúrò lára rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi páìpù tín-ín-rín yìí sọ́kàn.

Kí a tó dá tọ́bò lẹ́bi

Mpape wà lórí òkè, ní agbègbè ìjọba ìbílẹ̀ Bwari, ní òdìkejì títì márosẹ̀ tó yà á kúrò lára Maitama. Àwọn Gbàgyí ló ni ilẹ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìfọ́kúta ni ọ̀pọ̀ ará Abuja fi mọ̀ ọ́n. Àwọn tipa tó ń kó òkúta ń gòkè, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ lójoojúmọ́, dísù ni wọ́n sì ń lò. Ìdí nìyí tí àwọn mẹkáníìkì ibẹ̀ fi mọ tọ́bò bí ẹní mowó. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ni dẹ́rẹ́bà wa lọ pè wá. A retí pé yóò sọ ohun tí ẹni àkọ́kọ́ sọ. Ohun tó sọ ni pé: “Ẹ̀yin tíṣà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí kò gbówó.”

Fítà atẹ́gùn ló kọ́kọ́ yọ. Ó gbá a mọ́ táyà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ilẹ̀ sì funfun. Eruku òkúta ni. Ó ṣàlàyé pé bí fítà bá dí, atẹ́gùn kò ní í tó, èéfín dúdú yóò sì máa jáde bí ẹni pé tọ́bò ló kú. Lẹ́yìn náà ló tọ àwọn hóòsì rọ́bà tó ń gbé atẹ́gùn láti tọ́bò lọ sí ẹ́ńjìnnì, ó ń tẹ̀ wọ́n, ó ń wo abẹ́ wọn. Bí hóòsì bá ya, tàbí bí ìdè rẹ̀ bá tú, atẹ́gùn tí tọ́bò ti kì yóò máa jò dànù; ọkọ̀ yóò máa súfèé, kò ní í lágbára, èéfín yóò sì dúdú. Ó ní òun máa ń fi atẹ́gùn àwọn fọ̀káníṣà àti omi ọṣẹ wá ibi tó ń jò, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń wá ihò lára táyà. Ẹ wo iye hóòsì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tọ́bò.

Àwọn ohun mìíràn wà tó máa ń fara jọ ikú tọ́bò. Fítà dísù tó dí máa ń gba agbára lọ́wọ́ ọkọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èéfín kì í pọ̀. Sàlẹ́ńsà tó dí máa ń há èéfín mọ́ inú. Lára àwọn ọkọ̀ bíi Toyota Hilux D-4D oní-lítà mẹ́ta, àwọn ewé irin kéékèèké kan yí abẹ̀bẹ̀ èéfín ká, wọ́n ń ṣí, wọ́n sì ń pa dé láti darí èéfín. Bí hóòsì tàbí ẹ̀rọ kékeré tó ń fà wọ́n bá bàjẹ́, ọkọ̀ kò ní í lágbára, bẹ́ẹ̀ ni ọkàn tọ́bò sì wà láàyè kedere.

Àwọ̀ èéfín máa ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kì í sọ̀rọ̀ tán. Dúdú ń sọ pé dísù pọ̀ ju atẹ́gùn lọ. Búlúù ń sọ pé ọ́ìlì ń jó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn bá rí búlúù, wọ́n á ní tọ́bò ni. Ó sì lè jẹ́ ríǹgì písítìnì inú ẹ́ńjìnnì ló ti jẹ. Ó tún lè jẹ́ páìpù tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí ló dí. Bí ẹ́ńjìnnì kò bá lè mí, ọ́ìlì tó yẹ kó ṣàn padà láti inú tọ́bò kò ní í rí ọ̀nà lọ, yóò sì gba ibi èdìdì ọ̀pá jò. Bí a bá torí èyí ra tọ́bò tuntun, tuntun náà yóò jò.

Àyẹ̀wò ọwọ́

Kò sí ohun tó jò nínú gbogbo èyí lára bọ́ọ̀sì wa. Ó wá kan tọ́bò fúnra rẹ̀. Ọ̀gá ní kí a jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì, a ra ẹ̀pà.

Nígbà tó tutù, ó tú hóòsì tó wọ ẹnu abẹ̀bẹ̀ atẹ́gùn, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ó sì pè wá kí a wá wò ó. Bí etí abẹ̀bẹ̀ bá já jáǹbálá bí ẹni pé eku jẹ ẹ́, nǹkan líle ló wọlé: nọ́ọ̀tì, tàbí èérún irin. Bí etí rẹ̀ bá jẹ, tó rí kíríbítí, tó sì ń dán, eruku ló ń fá a díẹ̀díẹ̀. Bí ara ìkarahun inú bá ní àpá ìha, abẹ̀bẹ̀ ti ń kan ògiri nìyẹn. Lẹ́yìn èyí ni ó fi ìka yí ọ̀pá náà. Ó yẹ kó yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó mì í sókè sódò: ó yẹ kó mì díẹ̀, nítorí ibi tí ọ́ìlì máa ń wà ló ṣófo. Ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ ló ti dájọ́ ikú fún tọ́bò tó ṣì dára nítorí mímì yìí. Ṣùgbọ́n bí a bá tì í síwá, tí a fà á sẹ́yìn, a kò gbọdọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ pé ó sún. Tiwa ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń dún kọ̀ kọ̀. Àpá ìha sì wà lára ìkarahun.

Òótọ́ ni, ó ti kú. A rò pé ọ̀rọ̀ ti parí, a ti ń bi ara wa léèrè ibi tí owó yóò ti wá.

Òùngbẹ ló pa á

Ọ̀gá kò tíì dìde. Ó ń tú páìpù ọ́ìlì tín-ín-rín tí a sọ níṣàájú. Ó fi ẹnu rẹ̀ sí i, ó fẹ́ ẹ, kò sí ohun tó jáde lódìkejì. Ó fi wáyà tọ́ ọ, èédú dúdú líle sì bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ sórí pépà. Lẹ́yìn èyí ló tú ọkàn tọ́bò wò. Ọ̀pá irin tó yẹ kó funfun ti di búlúù bí aró ní ibi tó ti ń yí. Àwọ̀ yẹn, ó ní, kì í wá bí kò bá ṣe pé irin yí láìrí ọ́ìlì.

Òùngbẹ ló pa á. Òùngbẹ kan náà ló pa ti àkọ́kọ́. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ yọ òkú, ó fi alààyè rọ́pò, kò sì wo ẹnu páìpù tí ikú ń gbà wọlé. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Àwa fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a sì tún san owó fún làpálàpá.

Báwo ni èédú ṣe dé inú páìpù ọ́ìlì? Nǹkan méjì ló gbé e débẹ̀. Èkíní ni pé a ti fi oṣù púpọ̀ sún ọjọ́ ìpààrọ̀ ọ́ìlì síwájú. Èkejì ló dùn wá jù. Láti ọdún 2022 tí owó dísù ti fò sókè lẹ́yìn tí ogun Rọ́ṣíà àti Ukraine bẹ̀rẹ̀, ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ wa ti pàṣẹ fún dẹ́rẹ́bà pé bó bá ti dúró, kó pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀. Ó gbọ́ràn. Bó bá gun òkè Mpape dé ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́, tí tọ́bò ń gbóná janjan, yóò pa á. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, ọ́ìlì dúró; èyí tó ṣẹ́ kù nínú tọ́bò àti lẹ́nu páìpù yóò máa jóná mọ́ irin. Lójoojúmọ́, díẹ̀díẹ̀, títí ọ̀nà ọ̀fun fi dí. Dísù ìṣẹ́jú méjì ni a ń ṣọ́. Ìwé àṣẹ náà wà nínú fáìlì wa, àwa la buwọ́ lù ú.

Ìpinnu: àtúnṣe tàbí ìpààrọ̀

Nígbà tí a ti mọ ohun tó pa á, ìpinnu kò le mọ́. Bó bá jẹ́ pé àwọn ewé irin ló lẹ̀ pọ̀ nítorí èéfín, tàbí ẹ̀rọ tó ń fà wọ́n ló bàjẹ́, a máa fọ ewé, a máa pààrọ̀ ẹ̀rọ kékeré yẹn. Kò sí ìdí láti ra odindi tọ́bò.

Bó bá jẹ́ ọkàn ló bàjẹ́, tí ìkarahun méjèèjì kò sán, tí àpá ara wọn kò jìn, ọkàn tuntun ni kí a rà, kí a fi sínú ìkarahun àtijọ́. Ohun tí àwa kò fara mọ́ ni kí mẹkáníìkì ra ríǹgì àti bẹ́árìnnì nìkan, kó tú ọkàn náà sórí bẹ́ǹṣì, kó sì tún un tò. Ohun tó ń yí ní ìgbà 100,000 láàárín ìṣẹ́jú kan gbọ́dọ̀ dọ́gba lára. Ẹ̀rọ pàtàkì ni wọ́n fi ń wọn ìdọ́gba yìí. Bí wúwo apá kan bá fi èyí tí ojú kò lè rí ju èkejì lọ, yóò máa gbọ̀n títí yóò fi ya. Ibi tí ẹ̀rọ yẹn kò bá sí, kí a má jẹ́ kí wọ́n tú ọkàn tọ́bò wa láti tún un tò, bó ti wù kí owó iṣẹ́ wọn dín tó.

Bí abẹ̀bẹ̀ bá ti fọ́, tí ìkarahun ti sán, ó ti kúrò ní ọ̀rọ̀ àtúnṣe. Odindi ni kí a rà, kí a sì wá èérún rẹ̀ títí dé inú ẹ́ńjìnnì. Tuntun tó jẹ́ ojúlówó wọ́n. Àwọn ilé iṣẹ́ bíi Garrett, BorgWarner, IHI àti Mitsubishi ló ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn, ayédèrú wọn sì wà lọ́jà. Nọ́ńbà tó wà lára páálí irin tọ́bò àtijọ́ ni kí a mú lọ sọ́jà. Orúkọ ọkọ̀ nìkan kò tó, nítorí ọkọ̀ kan náà lè ní oríṣi tọ́bò méjì.

Tòkunbọ̀ ńkọ́? Ladipo ní Mushin kún fún un, Zuba àti Apo níbí náà kò ṣaláìní in. A kò sọ pé kò dára. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tó tà á kò mọ ohun tó mú kí wọ́n tú u lára ọkọ̀ àkọ́kọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rà á, kó ṣe àyẹ̀wò ọwọ́ tí a ṣàlàyé lókè lójú ẹni tó ń tà á, kó wo ẹnu ihò ọ́ìlì bóyá èédú wà níbẹ̀, kó tó ka owó.

A kò kọ iye náírà kankan síbí. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye náírà sí dọ́là, iye ẹ̀yà ọkọ̀ tí a gbọ́ lọ́sẹ̀ yìí lè má jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìwọ̀n tiwa ni pé bí owó ọkàn tuntun pẹ̀lú owó iṣẹ́ bá kọjá ìdá méjì nínú mẹ́ta iye odindi ojúlówó tó ní ìwé ìdánilójú, kí a ra odindi. Bí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ bá ti gbó, tó ń fẹ́ èéfín gba ẹnu ibi tí a ti ń rọ ọ́ìlì, kí a má ná kọ́bọ̀ lórí tọ́bò títí a ó fi pinnu ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì.

Ọkàn tuntun ni a rà. Páìpù ọ́ìlì tuntun náà ni a rà. Owó rẹ̀ kéré débi pé ojú tì wá.

Ọjọ́ tí wọ́n dè é

Ọ̀gá kọ́kọ́ da ọ́ìlì àti fítà ọ́ìlì àtijọ́ nù. Ó rọ ọ́ìlì mímọ́ sí ẹnu ọkàn tọ́bò, ó sì fi ìka yí i kí ó lè mu. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ fẹ́ fi gọ́ọ̀mù sílíkónì lé ojú gásíkẹ́ẹ̀tì ọ̀nà ọ́ìlì, ó gbá ọwọ́ rẹ̀ kúrò: èyí tó bá yọ sínú yóò já, yóò sì di ọ̀fun tuntun náà. Wọ́n fọ gbogbo hóòsì àti ẹ̀rọ tó ń mú atẹ́gùn tutù. Ó sì sọ ìdí rẹ̀ fún wa.

Ọ́ìlì tó bá jò láti inú tọ́bò tó ti kú máa ń kó jọ sínú àwọn hóòsì yẹn. Ẹ́ńjìnnì dísù lè máa fi ọ́ìlì jó bí ó ti ń fi dísù jó. Bí ó bá fà á mu, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sáré fúnra rẹ̀, a lè yọ kọ́kọ́rọ́ kí ó má kú, títí yóò fi fọ́. Ó ní bí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ oníjíà ọwọ́, kí dẹ́rẹ́bà fi sí jíà tó ga jù, kó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ gidigidi, kó sì tú ẹsẹ̀ lórí kílọ́ọ̀ṣì kí ẹ́ńjìnnì lè kú. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ dí ẹnu ibi tó ti ń fa atẹ́gùn. Ó bojú wo òkè tí a gbà wá, ó bi wá pé ọmọ mélòó ló wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn. A sọ fún un. Kò sọ ohunkóhun mọ́.

Wọ́n yí ẹ́ńjìnnì láìjẹ́ kó tàn títí iná ọ́ìlì fi kú lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Nígbà tó tàn, wọ́n fi í sílẹ̀ kó máa rọra ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó tẹ ẹsẹ̀ lé e. Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ ti fagi lé àṣẹ àtijọ́. Bí dẹ́rẹ́bà bá ti gòkè dé, ó máa ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta kó tó pa á. Inú ọkọ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì máa ń wà tí wọ́n á máa tún ìwé ètò ẹ̀kọ́ wọn yẹ̀ wò.

A gba ọ̀pá àtijọ́ náà lọ́wọ́ Ọ̀gá. Orí tábìlì wa ló wà báyìí, a sì máa ń gbé e yí kíláàsì ká bí a bá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì ní àròkọ ajẹmọ́-ìsípayá. A kì í sọ ohun tó jẹ́ fún wọn. Ní sáà tó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan gbé e sójú fèrèsé, ó wò ó pẹ́, ó fi ìka pa ojú ibi tó búlúù, ó sì béèrè pé ta ló da aró sí irin lára.